Afinimọ̀nà tó wọ jẹ́sì Arsenal wọ Kàtídírà Aké

₦5,000 fún èèyàn mẹ́rin, wákàtí kan ààbọ̀: bẹ́ẹ̀ la ṣe ná an nísàlẹ̀ Olúmọ. Ìṣẹ́jú 35 péré ni bọ̀dá yìí lò ní Kàtídírà St. Peter tó fi pòórá. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ o, ẹ má lọ dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí a pè é, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Kí ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Bọ́ọ̀lù!

Ìbínú yẹn ìbá wà níbẹ̀ dalẹ́, bí kì í bá ṣe ti ìṣẹ́jú 35 náà. Páálí àwòrán mẹ́rin ló yọ nínú báàgì, ó tò wọ́n sórí ìjókòó, ó fi àtàǹpàkò bo ojú ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ fi ojú sílẹ̀, irùngbọ̀n ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni kẹ́ ẹ wò." Bí a ṣe ń fi nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì dá agbábọ́ọ̀lù mọ̀ láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayàwòrán àtijọ́ ṣe fún kálukú ní tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni ti Pétérù, nítorí Mátíù 16:19, níbi tí Jésù ti ṣèlérí kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run fún un. Idà ni ti Pọ́ọ̀lù, torí wọ́n ní òun ni wọ́n fi pa á. Àgbélébùú tó rí bíi X ni ti Áńdérù, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì ni ti Catherine. "Pétérù ni gólì ọ̀run. Bí kò bá ṣílẹ̀kùn, bọ́ọ̀lù ò wọlé." Ọ̀rọ̀ wèrè, àmọ́ ta ló máa gbàgbé ẹ̀?

Ìtàn ló ti gbá a ṣubú. Ó ní 1846 ni wọ́n kọ́ ilé náà parí. Rárá o: 1846 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 1898 ló parí. Kò tilẹ̀ dárúkọ Àfàlá, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ọmọ rẹ̀ tún fojú kàn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ohun tó lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, tó ṣèrìbọmi ní 1848, tó di Hánà. Ní Aké kẹ̀!

Èyí tó wá burú jù: ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bí Arsenal. Southampton ló rí bẹ́ẹ̀, ní 1885. Manchester City náà, ní 1880. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich ló dá Arsenal sílẹ̀ ní 1886. Àgbá ìbọn ń bẹ láyà jẹ́sì tó wọ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀!

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ wo àkókò bọ́ọ̀lù. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ mú ìdajì dání. Ẹ yẹra fún Sátidé nítorí ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìjọ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ₦2,000 padà wọ àkáǹtì. Arsenal ló borí.

Máàkì fún àwòrán mẹ́rin yẹn: 9 nínú 10.