Gláídà aláìnírù: ti Lippisch àbí ti àwọn Horten?

Gláídà ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá bi mí, nínú àwọn tí kò ní ìrù, ti àwọn Horten, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Jámánì, ló wù mí jù, àmọ́ Alexander Lippisch, ará Jámánì bíi tiwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ló ṣáájú. Láti 1927 ni gláídà Storch tiẹ̀ ti ń fò ní Jámánì, kò ní ìrù o, àmọ́ ó fi ìyẹ́ kékeré tó dúró ṣánṣán sí ṣóńṣó apá méjèèjì kó má baà máa yí kiri. Reimar àti Walter Horten sọ pé rárá, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ apá nìkan, torí ohunkóhun tó bá yọ síta, afẹ́fẹ́ á fi fà á sẹ́yìn ni. Gláídà wọn àkọ́kọ́, H I, fò ní 1933, nígbà tó fi máa di H IV ní 1941, apá ẹ̀ ti gùn tó bíi mítà 20, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, awakọ̀ á kúnlẹ̀ á dojú bolẹ̀ sínú ẹ̀ kí ara ẹ̀ má baà yọ sínú afẹ́fẹ́, tó bá wá fẹ́ yà sọ́tùn-ún á gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan sókè ní ṣóńṣó apá ọ̀tún kí afẹ́fẹ́ dá ẹ̀gbẹ́ yẹn dúró díẹ̀, ẹ wo ọpọlọ! Iṣẹ́ Lippisch ló bí Me 163, ọkọ̀ òfuurufú ogun Jámánì, tó sáré ju kìlómítà 1000 lọ ní wákàtí kan ní 1941 lóòótọ́, àmọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tì í, ó sì tún ní ìyẹ́ òró lẹ́yìn.