Fọ́nrán FBG fún wíwọn ìfà inú rẹ́sìn: ó dára gan-an, àmọ́ òun nìkan kò tó

Ẹni tó da epoxy, irú rẹ́sìn kan, sínú mọ́òdù, tó wá bá a pé ó ti sán lẹ́yìn tó tutù, mọ̀ pé inú ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn irinṣẹ́ tó ń wọnú rẹ́sìn lọ nígbà tó ń jinná, fọ́nrán gíláàsì FBG (fiber Bragg grating, ìyẹn fọ́nrán tí wọ́n fín àmì sínú rẹ̀ kó lè máa dá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan padà) la fẹ́ràn jù. Kò nípọn ju 125 µm lọ láìka ohun tí wọ́n fi bò ó, iná mànàmáná kò sì sí nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà, nítòsí 1550 nm, máa ń yẹ̀ ní nǹkan bíi 1.2 pm bí fọ́nrán bá nà tàbí tó sún kì ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù.

Ooru náà ń sún un, bíi 10 pm fún digirí Celsius kan. Àárín rẹ́sìn tó nípọn sì máa ń gbóná ju etí lọ, torí òun fúnra rẹ̀ ń mú ooru jáde. Nítorí náà, ẹ nílò thermocouple, wáyà tó ń wọn ooru, kí ẹ lè yọ ti ooru kúrò; àmọ́ ẹ má so ó mọ́ ara mọ́òdù. Ẹgbẹ́ FBG gan-an ni kó wà. Bó bá fi digirí 10 ṣì í, àṣìṣe yín ti ju ìdá 80 nínú mílíọ̀nù lọ.

Kí ẹ tó rà á, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi bò ó. Acrylate kì í fara da ohun tó ju bíi 85 °C lọ: á rọ̀, fọ́nrán á máa yọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí ẹ máa kà á sì kéré ju bó ṣe yẹ. Polyimide ń fara da nǹkan bíi 300 °C. Òun ni kí ẹ mú. Ẹnu ibi tí fọ́nrán ti ń jáde ló sábà máa ń kán sí, nítorí náà ẹ fi tọ́ọ̀bù Teflon tínrín wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú rẹ́sìn.

Nígbà tí rẹ́sìn ṣì jẹ́ olómi, ooru nìkan ló ń gbé ìlà ojú ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ náà sókè, torí olómi kò lè di fọ́nrán mú. Bó bá ti dì, tí ooru dúró sójú kan, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀: ìsúnkì jíjinná nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù ń bọ̀ nígbà ìtutù. Epoxy tí kò ní àdàlù sábà máa ń sún kì ní bíi ìdá 60 nínú mílíọ̀nù fún digirí kan nísàlẹ̀ Tg, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí rẹ́sìn líle ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Láti 120 °C sí 20 °C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 6000 nínú mílíọ̀nù, ìlà á sì sọ̀kalẹ̀ ní bíi 8 nm, bí a bá ka ti ooru mọ́ ọn. Bí FBG méjì bá wà lórí fọ́nrán kan, tí ọ̀kan wà níta, ẹ jẹ́ kí 10 nm ó kéré tán wà láàárín wọn, kí ọ̀kan má baà gun èkejì.

Bí góńgó ìmọ́lẹ̀ bá pín sí méjì, ẹ̀rọ kò bà jẹ́ o: rẹ́sìn ń fún fọ́nrán lápá kan ju apá kejì lọ ni. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fi gbogbo àwòrán ìmọ́lẹ̀ hàn, torí èyí tó ń ka góńgó kan ṣoṣo á máa fò kiri láàárín méjèèjì.

Àléébù FBG tó tóbi jù ni pé ìsúnkì ló ń wọn, kì í ṣe ìfà (stress), ìyẹn agbára tó há sínú rẹ́sìn. Rẹ́sìn tó sún kì láìsí ìdíwọ́ kò ní ìfà nínú. Èyí tó lẹ̀ mọ́ irin, tí irin ń sún kì ní ìdá 12 péré nínú mílíọ̀nù dípò 60, ni ìdá 48 kù sí lọ́rùn fún digirí kọ̀ọ̀kan. Fún digirí 100, tí líle rẹ́sìn bá jẹ́ 3 GPa, bíi 14 MPa nìyẹn lọ́nà kan, nǹkan bíi 22 MPa bí wọ́n bá dì í mú lọ́nà méjì. Bí ó bá ti ń sún mọ́ Tg, líle náà ń lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Ẹ da rẹ́sìn méjì: ọ̀kan láìsí ìdíwọ́, ọ̀kan lára irin.

Fún rẹ́sìn tínrín tí wọ́n fi kun nǹkan, ẹ má náwó sí FBG. Ẹ kùn ún sójú kan lára páànù irin tínrín, kí ẹ wọn bó ṣe tẹ̀. Ìṣirò Stoney ti ọdún 1909 á sọ ìfà fún yín. Ó kàn jẹ́ pé kò ní sọ ibi tí ìfà ti pọ̀ jù.