Ọpọ́n ìmumi màlúù tí kì í lo iná: ohun tí mo rí ní ìgbà òtútù méjì ní Minnesota

Ìgbà òtútù méjì gbáko ni mo ti fi lo ọpọ́n ìmumi tí kì í lo iná mànàmáná yìí fún màlúù 32 tí èmi àti ìyàwó mi ń sìn ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹni tó bá ń gbèrò láti rà á. Orí pápá ni àwọn màlúù wa ń wà láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, a kì í kó wọn wọ ilé. Kí ilẹ̀ tó dì ni a ti máa ń to ìdì koríko gbígbẹ sí pápá, a ó wá máa sún wáyà tí a fi dí wọn lọ́nà síwájú ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n má bàa tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ kì í sábà dá wa lágara. Omi ni.

Ẹni tó bá ti gbé ní Òkè-Ògùn mọ bí àwọn darandaran ṣe ń da ẹran rìn jìnnà nínú ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé odò gbẹ. Omi kò gbẹ níbí, ó kàn ń le bí òkúta ni. Koríko tútù tí wọ́n ń jẹ nígbà ooru, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú koríko gbígbẹ kì í sábà ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà abo màlúù tó lóyún ṣì nílò nǹkan bíi lítà 30 sí 40 lóòjọ́ nínú òtútù yẹn. Bí kò bá mu omi tó, kò ní jẹun tó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oúnjẹ tó ń dà nínú rẹ̀ ni iná tó ń yá. Bí irun rẹ̀ bá nípọn tó sì gbẹ, ó lè fara da òtútù títí dé nǹkan bíi dígírì 8 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, oúnjẹ ni yóò fi san án. Àwọn kan máa ń ní kí a jẹ́ kí wọ́n máa lá òjò dídì. Màlúù tó sanra, tí kò fún ọmọ lọ́mú, lè fi í dípò omi bí ó bá mọ́ tó sì rọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi lítà 10 òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ló ń yọ́ di lítà omi kan ṣoṣo. Èmi kò lè fi tiwa sínú irú ìyẹn.

Táǹkì irin la ń lò tẹ́lẹ̀, tí a ki irin amómigbóná oníwáàtì 1,500 bọ̀. Lóru ọjọ́ kan tí ìjì já wáyà iná, àáké ni mo fi fọ́ yìnyín orí rẹ̀ ní ìdájí. Èyí tó tún burú jù ni pé iná díẹ̀díẹ̀ ń jò sínú omi náà: àwọn màlúù yóò sún mọ́ ọn, wọn yóò fi imú kàn án, wọn yóò sì fà sẹ́yìn, a kò sì mọ ohun tó ń lé wọn títí oníṣẹ́ iná fi wá wò ó.

Ike tó nípọn ni ọpọ́n tuntun yìí, fóòmù ló kún àárín ògiri rẹ̀, ihò méjì ló ní lórí, bọ́ọ̀lù ńlá kan sì léfòó ní ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan bí ọmọrí. Màlúù yóò fi imú ti bọ́ọ̀lù náà wọlé, yóò mu, bí ó bá sì ti gbé orí kúrò, bọ́ọ̀lù yóò padà dé ihò rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń wá. Abẹ́ rẹ̀ la gbẹ́ kòtò tóóró kan sí, a ki páìpù fífẹ̀ bọ̀ ọ́, páìpù omi sì gba àárín rẹ̀ gòkè. Ẹsẹ̀ bàtà 5 ni òfin ilé kíkọ́ ní agbègbè wa ní kí ìpìlẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ó lè kọjá ibi tí ilẹ̀ ń dì dé. A gbẹ́ tiwa dé 8. Omi tuntun tó ń wọlé nígbàkígbà tí màlúù bá mu ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹni tó ní màlúù márùn-ún péré kò gbọdọ̀ ra oníhò méjì, nítorí omi tí a kò mu yóò dì.

Mo ti bọ́ọ̀lù kan sápá kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n lè rí omi. Àgbà abo dúdú kan tó máa ń ṣíwájú ló kọ́kọ́ dán ekejì wò. Omi ta sí i lójú, ó fò sẹ́yìn, ó dúró, ó padà wá tì í, ó sì mu títí láìgbórí, tí omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí òtútù dé dígírì 34 nísàlẹ̀ òdo, omi dá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ọwọ́ wá ìdí ọpọ́n náà kiri, mo sì bá afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé láàárín òun àti kọnkéré tó jókòó lé: ẹni tó bá wa gbé e kalẹ̀ kò dí àyè ibẹ̀ rárá. Kẹ́tùlù omi gbígbóná 6 ni a dà sí i kí páìpù tó là. Mo fi fóòmù dí i lọ́jọ́ náà, kò sì tún dì mọ́ láti ìgbà náà. Ìlà kan ṣoṣo ni ìwé ìlànà wọn sọ nípa dídí yìí, ojú ìwé àkọ́kọ́ ló sì yẹ kí ó wà.

Ní òwúrọ̀ tó bá tutù gan-an, bọ́ọ̀lù máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò. Ìkúùkù kan ti tó o. Ó dín kù nígbà tí mo mú kí omi inú rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ihò tí a fi ń da ìdọ̀tí koríko jáde kéré jù, fífọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù sì ń gba àkókò. Àwọn ọmọ màlúù tí a bí ní oṣù kẹrin kò lágbára láti ti bọ́ọ̀lù, nítorí náà a ń gbé ọpọ́n kékeré kan sílẹ̀ fún wọn. Owó kòtò àti kọnkéré sì ju owó ọpọ́n fúnra rẹ̀ lọ, kí ẹni tó fẹ́ rà á ti fi ìyẹn sínú ìṣirò rẹ̀.

A ti ra èkejì fún pápá ìhà ìlà-oòrùn. Oṣù kẹsàn-án ni wọn yóò gbẹ́ kòtò rẹ̀, kí ilẹ̀ tó le, èmi fúnra mi ni yóò sì dí ìdí rẹ̀.