Baba dúdú àwọn ìyá ìjọ dùn gan-an, ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wọn tà á ló kù kó túnra mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Marina l'Ágbádárìgì kọjá, ṣọ́ọ̀bù próvísọ̀n kan wà níbẹ̀ tó ń bá àwọn ìyá ìjọ kan ta baba dúdú àti sísí pelebe tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Owó ìkórè ni wọ́n fi ń wá, wọ́n fẹ́ fi ra páànù síbi táwọn ọmọ ti ń ṣe Sunday school. Èmi kìí ṣe ọmọ ìjọ wọn o, adùn ẹ̀ ló fà mí wọlé.

Ẹ má fi baba dúdú yẹn wé èyí tí wọ́n ń tà lójú títì. Omi àgbọn tó ṣàn làwọn kan máa ń lò, wọ́n á da ṣúgà rẹpẹtẹ sí i, wọ́n á wá jẹ́ kó jóná kó lè tètè dúdú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń korò lọ́fun. Tàwọn ìyá yìí, àgbọn tó gbó dáadáa ni wọ́n rin, wọ́n fún wàrà ẹ̀ ní kíki, wọ́n rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ títí tó fi yọ òróró fúnra ẹ̀ tó sì pọ́n wá dúdú. Tẹ́ ẹ bá jù ú sẹ́nu á kọ́kọ́ le díẹ̀, á wá máa yọ́, òórùn àgbọn á gba gbogbo imú yín. Ìlú àgbọn mà nìyí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Sísí pelebe náà dáa, ẹ̀pà ẹ̀ ju ṣúgà ẹ̀ lọ, wọ́n bó o mọ́, wọ́n sì fi ìgò tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. ₦500 ni náílọ́ọ̀nù kan, kò wọ́n rárá.

Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ìwé kan wà lábẹ́ kántà tí wọ́n ń kọ iye tí wọ́n tà sí, mo béèrè, wọ́n ṣí i hàn mí láì bínú, ẹni bá fẹ́ ṣe tiransífà sì ń san án sákáǹtì ẹgbẹ́ tààrà. Ọlọ́run á bù sí i fún wọn.

Àmọ́ ọmọ tó ń bá wọn tajà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tí ò bá ti sí ṣéńjì, baba dúdú ló máa kì bọ̀ èèyàn lọ́wọ́, kò ní béèrè. Èyí ò dáa, torí ohun tí wọ́n bá ti fi ń ṣe ṣéńjì, àwọn èèyàn ò ní kà á sí ọjà gidi mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbàlagbà ni. Ìkejì, ibi tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé sí ni wọ́n gbé ìgò ẹ̀ sí, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ ò ní lè ya náílọ́ọ̀nù kúrò lára ẹ̀. Kí wọ́n gbé e sẹ́yìn kántà níbi tó tutù, kí wọ́n dé e pa, ṣúgà ò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà yìí.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé inú ìgò kan náà ni wọ́n kó baba dúdú àti sísí pelebe sí. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà lè fa wàhálà ńlá fún, ojú á wú, èémí á há. Kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ ọn: ohun tó wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti orúkọ ìjọ. Ohun àdáṣe ilé ni, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹni tó ṣe é nìkan la lè fọkàn tán.

Tí wọ́n bá sì lè wá páálí kékeré, ọjà ńlá nìyẹn. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà táwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845, Marina yìí náà ni bọ́ọ̀sì wọn ń já wọn sí, gbogbo wọn ló ń wá nǹkan mú délé. Àárọ̀ Sátidé ni kẹ́ ẹ lọ, ìgbà yẹn ni tuntun máa ń dé, kì í sì í pẹ́ tán.