Ilẹ̀ àbí òfúrufú: ibo ló dáa jù láti fi wo bí nǹkan ṣe ń já bọ́?

Ẹ wò ó, ìbéèrè ọ̀hún ò ju ẹyọ kan lọ: tí kò bá sí afẹ́fẹ́, ṣé irin tó wúwo àti irin tó fúyẹ́ á jọ já bọ́ bákan náà?

Ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, àwọn olùṣèwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Eöt-Wash fi wáyà tungsten tó tín-ín-rín ju irun orí lọ so irin méjì, beryllium àti titanium, rọ̀, wọ́n wá ń yí gbogbo ẹ̀ po díẹ̀díẹ̀, tí ayé bá fa ọ̀kan ju ìkejì lọ, wáyà yẹn á lọ́. Wọ́n gbé èsì jáde ní 2008, kò lọ́, àṣìṣe ibẹ̀ ò ju bíi 2 nínú tírílíọ̀nù 10 lọ. Wàhálà ẹ̀ ni pé òkè tó wà nítòsí náà ń fà á, kódà òjò tó rin ilẹ̀ gbingbin lè da nǹkan rú!

Sátẹ́láìtì MICROSCOPE táwọn Faransé rán lọ ní 2016 bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ó ń já bọ́ yí ayé ká fún oṣù gbọọrọ, ìwọ̀n 710 km lókè, platinum àti titanium jọ wà nínú ẹ̀. Èsì 2022: wọ́n jọ já bọ́ bákan náà, àṣìṣe ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi 3 nínú tírílíọ̀nù 1,000 lọ. Òun ni mo mú o, àmọ́ wáyà góòlù tíńtín kan nínú ẹ̀ ló dà á láàmú, ta ló fẹ́ lọ sí òfúrufú lọ tún un ṣe? Ti Seattle, ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n máa ṣí.