Ìwé Àkọsílẹ̀ fún Òǹkọ̀wé tí Iṣẹ́ Há Mọ́ Lọ́wọ́
Ìwé àkọsílẹ̀ yìí kò kọ́ni ní ọgbọ́n ìtàn kíkọ rárá. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń béèrè ni pé kí ẹni tí iṣẹ́ há mọ́ lọ́wọ́ kọ̀wé nípa híhá náà gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ni wọ́n tẹ̀ sókè ewé, “Ohun tí n kò fẹ́ kọ lónìí ni…”, ìlà òfìfo ni ìyókù. Mo fi “ikú bàbá olú ẹ̀dá ìtàn” parí tèmi, ibẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ìtàn mi ti dúró. (Franz Kafka, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn ní èdè Jámánì, pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1912 pé òun kò kọ nǹkan kan.) Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ ewé ń dí ni lọ́wọ́, tádàwà sì ń là á kọjá sẹ́yìn, síbẹ̀ n ó tún òmíràn rà.