Gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi èèpo edé ṣe: ohun tí mo rí nígbà tí mo lò ó fún bàbá mi

Oṣù méjì sẹ́yìn ni àdá yọ lọ́wọ́ bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ nínú oko wọn nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ṣá wọn ní ojúgun. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, wọ́n sì ń lo warfarin nítorí àìsàn ọkàn. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí náà ọgbẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi omi ṣàn lásán lè di wàhálà fún wọn. A fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ náà fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìgbà náà ni mo rántí gọ́ọ̀sì kan (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbẹ́) tí mo ti rà sínú ọkọ̀ mi, èyí tó ní kaitosánì, èròjà kan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, lára. Èèpo edé ni wọ́n ti ń mú kaitosánì yìí jáde.

Mo ya ọ̀rá rẹ̀, mo nu ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú ọgbẹ́, mo ki gọ́ọ̀sì náà wọlé títí ó fi kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde gan-an, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti ṣe àṣìṣe, nítorí wọn yóò kàn gbé e lé ojú ọgbẹ́, wọn yóò sì máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bí ó ṣe kan ẹ̀jẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ẹ̀kọ. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti dá. A gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi omi rin gọ́ọ̀sì náà kí ó tó yọ ọ́, ó sì ṣí kúrò láìfa ojú ọgbẹ́ ya, lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an.

Ohun tó jẹ́ kí ó wúlò fún ẹni tó ń lo warfarin ni pé kò gbára lé àwọn èròjà inú ara tí warfarin ti dí lọ́wọ́. Agbára iná pọ́sítíìfù wà lára kaitosánì, agbára iná nẹ́gẹ́tíìfù sì wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń fa ara wọn mọ́ra títí wọn yóò fi dí ojú ibi tó là. Ọjà yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 2002 ni àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bándéèjì HemCon, tí wọ́n fi kaitosánì èèpo edé ṣe, àwọn ológun wọn sì lò ó ní Iraq àti Afghanistan.

Ọ̀rọ̀ edé yìí ká mi lára, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, a kì í sì í se ìkọ́kọrẹ́ nílé wa láìsí edé. Nígbàkigbà tí mo bá dé àwọn abúlé etí ọ̀sà ní ìhà Ìwòpin, mo máa ń rí òkìtì èèpo edé àti ti akàn tó ń jẹrà, tí eṣinṣin bò. Èèpo wọ̀nyí tí wọ́n ń kó jọ káàkiri àgbáyé lọ́dọọdún tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 6 sí 8. Ẹfun, èròjà amúaradàgbà àti kaitíìnì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ásíìdì ni wọ́n fi ń yọ ẹfun, wọ́n á fi omi sódà (irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ) yọ èròjà amúaradàgbà, kaitíìnì á wá ṣẹ́kù. Nígbà tí wọ́n bá tún se kaitíìnì yìí nínú omi sódà tó le gan-an, ó di kaitosánì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí gún èèpo edé dà sójú ọgbẹ́ o, nítorí ìfọ̀mọ́ yìí gan-an ló sọ ọ́ di ohun ìwòsàn.

Àléébù rẹ̀ tó dùn mí jù ni owó. Iye tí mo ra ẹyọ kan tó páálí gọ́ọ̀sì lásán kan odindi, mo sì wá a káàkiri àwọn kẹ́mísì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù kí n tó rí i rà ní Èkó. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é ń jẹrà létí omi wa. Àwọn lẹ́tà ìtọ́ni ara ọ̀rá rẹ̀ tún kéré jù fún àgbàlagbà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni.

Ẹni tí edé tàbí akàn kì í bá lára mu ní láti kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Lóòótọ́, èròjà amúaradàgbà inú ẹran edé ló sábà máa ń fa ìyọnu náà, èyí tí wọ́n sì ti yọ kúrò, síbẹ̀ ìkìlọ̀ rẹ̀ wà lára ọ̀rá tèmi. Edé kò ṣe bàbá mi ní nǹkan rí, ara wọn kò sì yún wọn. Ọgbẹ́ ti jinná, wọ́n ti padà sóko. Mo ti ra ẹyọ méjì mìíràn: ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ mi, èkejì wà nínú àpò tí wọ́n ń gbé lọ sóko, mo sì ti kọ́ ọmọ àbúrò mi tó ń tẹ̀lé wọn bí wọ́n ṣe ń ki í bọnú ọgbẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.